Orí Keje: Báwo Ni Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Gbẹ́ Òǹtẹ̀ Tí A Fi Ń Tẹ Ọnà Sára Awọ?

Lórí tábìlì tí mo ti ń kọ ìwé yìí ni àpò awọ kékeré kan wà, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú bí obì tí ó gbó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ sára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni Ọ̀ṣọ́. Bí ènìyàn bá fi ìka tọ́ ọ, yóò mọ bí àwọn lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rì wọ inú awọ, tí etí wọn dá ṣáká, tí ìsàlẹ̀ wọn sì tẹ́jú. Bí ó bá sì mú un súnmọ́ ojú, yóò rí àmì ìsàlẹ̀ mẹ́ta àti àmì ohùn méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju orí píìnì lọ. Ọmọ àbúrò mi kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, irú ọ̀bẹ wo lẹ fi gbẹ́ èyí?” Mo ní kì í ṣe ọ̀bẹ, ìmọ́lẹ̀ ni. Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ìyálẹ̀ta ti ń wọlé wá sórí ẹní, ó tún wo àpò náà, ó ní, “Ṣé irú ìmọ́lẹ̀ yìí náà?”

Ìbéèrè rẹ̀ ni orí yìí fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kò fọwọ́ kan awọ yẹn rárá: òǹtẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gbẹ́, òǹtẹ̀ ni ó sì tẹ awọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ jó awọ fúnra rẹ̀, èmi kò sì bá wọn du ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n awọ tí a jó ń rùn bí irun tí iná rà, eérú rẹ̀ sì ń yí aṣọ ẹni tí ó bá gbé e. Awọ tí a tẹ̀ kò pàdánù ohun kankan nínú ara rẹ̀. Ó kàn gba àpẹẹrẹ ohun tí ó wúwo lé e lórí ni, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ń gba àpẹẹrẹ ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà ara awọ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àwọn onísọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn tí wọ́n ń ṣe làbà tí àwọn adósù Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, ti ń gé awọ pupa àti awọ dúdú lé ara wọn, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán wọn di ọnà, láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa kò tí ì mọ̀wé. A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ sì ni à á rí. Ní ti títẹ òǹtẹ̀, àwọn adìwé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ṣe é kí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tó wọlé: ní Flanders àti England, wọ́n a fi omi rẹ awọ ọmọ màlúù tí wọ́n fi bo ìwé, wọ́n a gbé òǹtẹ̀ tí a gbẹ́ lé e, wọ́n a sì fi ẹ̀rọ onídè fún un mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń gbẹ́ irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun lóde òní ni pé ẹ̀rọ kan tí a lè gbé sórí tábìlì ilé ń fi ìmọ́lẹ̀ gbẹ́ ohun tí ọwọ́ àgbà ọ̀jẹ̀ ń gbẹ́ nígbà náà.

Irú ìmọ́lẹ̀ wo wá ni? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti àtùpà dà bí èrò tí ń tú ká lọ́jà: àwọ̀ pupa ń bẹ nínú rẹ̀, àwọ̀ ewé ń bẹ níbẹ̀, àwọ̀ aró ń bẹ níbẹ̀, oníkálukú ń gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ìṣísẹ̀ ẹnì kan kò sì bá ti ẹnì kejì mu. Ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀rọ yìí dà bí ọmọ ogun tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì kọjú sí ibì kan ṣoṣo. Léésà ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ìtànṣán alájọrìn, nítorí pé nínú àjọrìn yẹn gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Albert Einstein ni ó fi hàn ní 1917 pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan átọ́ọ̀mù tí agbára ti kún inú rẹ̀, átọ́ọ̀mù náà lè bí ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ó jọ èkínní bí Táíwò ti jọ Kẹ́hìndé. Ìbejì wọ̀nyí yóò lọ kan átọ́ọ̀mù méjì mìíràn, wọn yóò di mẹ́rin, mẹ́rin yóò di mẹ́jọ. Bí a bá sì sé wọn mọ́ àárín dígí méjì kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀, tí a jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn máa yọ́ jáde lára dígí kan, ohun tí yóò jáde ni ìtànṣán alájọrìn. Ó di ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 kí Theodore Maiman tó fi òkúta rúbì àtọwọ́dá ṣe èyí àkọ́kọ́, ní Malibu ní California.

Ìtànṣán inú ẹ̀rọ kékeré tí a ń lò nílé sábà máa ń jẹ́ wáàtì 5 sí 20, ó sì lè ya òǹkàwé lẹ́nu, nítorí pé gílóòbù àtijọ́ tí ń tàn ní pálọ̀ ń jẹ iná tó wáàtì 60, kò sì gbẹ́ nǹkan kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ọmọdé tí ó bá ti jí awò bàbá rẹ̀ àgbà lọ sí ìta, tí ó gbé e sókè díẹ̀ títí oòrùn fi kó ara jọ di ẹyọ kan lórí bébà, tí bébà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ti rí gbogbo àṣírí yìí pátá. Awò kan ń bẹ lẹ́nu ẹ̀rọ náà tí ń kó ìtànṣán jọ sí ojú kan tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ìyẹn bí ìnípọn ẹyọ irun orí. Ní ojú ìpàdé yìí, ohun tí ìtànṣán bá bà a máa gbóná kí ooru tó rí ọ̀nà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, a sì di èéfín lójú kan náà, kòtò bín-ín-tín a sì ṣẹ́kù síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlù dùndún, ẹ ti mọ àwòrán ìtànṣán náà. Ó fẹ̀ lókè, ó fún ní ìbàdí, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ni ojú ìpàdé. Nítorí náà, bí kòtò bá ti jìn tó mìlímítà kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbi ìbàdí, ìtànṣán ti ń fẹ̀, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kòtò jíjìn yóò máa sọ orí ẹ̀rọ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n rò pé agbára ni ó kù, tí wọ́n fi kún iná, tí ohun tí wọ́n ń gbẹ́ sì yọ́ bí òrí, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbàdí nìkan ni wọn kò bá lọ sísàlẹ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ fèrèsé tí ọmọ náà wò. Oòrùn gba ara gíláàsì kọjá láìmú un gbóná, ó wá ń mú ẹní gbóná nínú ilé. Ohun tí kò bá gba ìmọ́lẹ̀ dúró kò lè gba agbára rẹ̀. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni ó sì wọ́pọ̀. Èkínní ń ta ìtànṣán aláwọ̀ aró, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí nánómítà 450. Èkejì ń lo gáàsì carbon dioxide, èyí tí Kumar Patel gbé jáde ní Bell Labs ní 1964, ìgbì tirẹ̀ sì gùn tó nánómítà 10,600, tí ojú ènìyàn kò lè rí i rárá. Bí a bá gbé ike akíríìkì tí ó mọ́ gaara síwájú ẹ̀rọ aláwọ̀ aró, ìtànṣán yóò là á kọjá bí oòrùn ti ń la fèrèsé, yóò sì lọ jó tábìlì tí ó wà lábẹ́. Bí a bá gbé e síwájú ẹ̀rọ onígáàsì, ike kan náà yóò dúró bí ògiri, yóò sì fín bí igbá. Ẹ̀rọ aláwọ̀ aró ni mo ní, nítorí náà akíríìkì dúdú ni mo ń lò, tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán aró ṣẹ́ lọ.

Bí ó ti ń gbẹ́ ẹ nìyí. Kọ̀ǹpútà pín àwòrán sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ̀rọ sì ń lọ, ó ń bọ̀, bí àgbẹ̀ tí ń ṣán oko láti etí kan dé èkejì, tí iná rẹ̀ ń tàn níbi tí a fẹ́ kí ó jìn, tí ó sì ń kú níbi tí a fẹ́ dá sí. Òǹtẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 80, tí ó ga ní 60, yóò gba ìlà 600 bí ìlà mẹ́wàá bá wà nínú mìlímítà kan; orí ẹ̀rọ yóò rin mítà 48, bí ó bá sì ń rin mìlímítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 16 ni ẹ̀ẹ̀kan yóò gbà. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo máa ń jẹ́ kí ó tún un rìn pẹ̀lú iná tí kò pọ̀, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá sì fi ipá jó lẹ́ẹ̀kan máa ń yọ́ létí.

Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lórí akíríìkì náà dà bí oko tí a kọ ebè sí. Ebè ni ìlà lẹ́tà tí a dá sí, òun ni yóò rì sínú awọ. Poro ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbẹ́ kúrò. A gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà náà sódì, kí ó kọjú sí òsì, bí a ti ń rí i nínú dígí, nítorí pé bí a bá dojú rẹ̀ dé awọ, yóò yí padà sí bí ó ti tọ́. Èyí kò ṣòro. Ohun tí ó fún mi ní ìdààmú ni àmì ìsàlẹ̀.

Òǹtẹ̀ Ọ̀ṣọ́ tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ lẹ́wà lójú. Àmì ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, poro tí ó yí i ká sì jìn tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá eérú rẹ̀ kúrò, méjì nínú àmì mẹ́ta ṣẹ́ lulẹ̀. Ẹ̀kẹta tẹ̀lé wọn nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Òǹtẹ̀ tí mo ṣe láti fi kọ ọ̀ṣọ́ ti fẹ́ máa kọ òsó. Ìbànújẹ́ gidi ni èyí fún mi, nítorí pé bí a bá yọ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni a yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni, mo sì kọ̀ láti gbà pé kí ẹ̀rọ tí ó lè gbẹ́ ohun tó kéré bí irun orí máa kọ èdè wa ní àkọ́kù.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gbẹ́ àmì náà dáadáa. Ìdúró rẹ̀ ni kò lágbára. Òpó tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, tí ó dá dúró sí àárín pápá láìsí ohun tí ó fi ẹ̀yìn tì, kì í pẹ́ ṣubú. Àgbẹ̀ kì í kọ ebè tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri. Ó máa ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbòòrò ju orí lọ, kí òjò má baà wó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ìdí ìlà orí òǹtẹ̀ gbòòrò ju orí rẹ̀ lọ. A ń ṣe èyí nípa fífi àwọ̀ eérú yí ìlà náà ká nínú àwòrán: ẹ̀rọ ń ka funfun sí ibi tí kò gbọdọ̀ kàn, ó ń ka dúdú sí ibi tí ó gbọ́dọ̀ jìn jù lọ, ó sì ń ka eérú sí agbedeméjì, tí ó fi jẹ́ pé àwọ̀ tí ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀ lórí bébà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí òǹtẹ̀.

Kò sì pọn dandan kí gbogbo poro jìn bákan náà. Níbi tí àyè ti gbòòrò, awọ yóò wú sókè sínú poro, bí kò bá sì jìn tó, yóò lọ fara kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì gba àpẹẹrẹ ìlà tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí àyè ti há, bí inú ọ tàbí àárín ọ àti àmì rẹ̀, awọ tí ó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta kò lè rọ́ wọlé jìnnà. Ìdajì mìlímítà ti tó o. Nítorí náà, òpó àmì ìsàlẹ̀ kò nílò gíga tí mo fún un. Mo sọ poro tí ó yí i ká di fẹ́lẹ́, mo fún un ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo sì ṣe ohun kan sí i tí mo rí kọ́ lára àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi àmì róbótó sábẹ́ lẹ́tà, ìlà òòró kékeré ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Mo fa ìlà òòró náà, mo jẹ́ kí ó so mọ́ ìdí lẹ́tà. Kò tún dá dúró mọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ìyá rẹ̀.

Ní ti ohun tí a fi ń ṣe òǹtẹ̀, akíríìkì tó fún ẹni tí ó fẹ́ tẹ àpò díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fọ́ bí ìfúnpá bá pọ̀. Pákó rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ibi líle àti ibi rírọ̀ inú igi kì í jó bákan náà, ìlà igi yóò sì hàn lára awọ. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ onígáàsì fẹ́ràn Delrin, ike funfun kan tí ó le, tí kì í fọ́. Kí wọ́n ṣọ́ ọ, nítorí pé ọwọ́ iná rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè má rí i, èéfín rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú. Ẹni tí ó bá fẹ́ òǹtẹ̀ tí yóò tẹ ọgọ́rùn-ún awọ yóò lọ bá idẹ.

Ẹ̀rọ kékeré kò lè gbẹ́ idẹ: idẹ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ìwọ̀nba tí ó bá sì gbà, ooru rẹ̀ ń sá lọ káàkiri ara rẹ̀. Ọgbọ́n àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ni ó yanjú èyí. Ìyá tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ sára aṣọ, aró kò sì lè wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Bákan náà ni a ó kun ọ̀dà bo idẹ, ìmọ́lẹ̀ yóò jó ọ̀dà kúrò níbi tí a fẹ́ kí poro wà, a ó sì da idẹ náà dé sínú omi ferric chloride tí yóò jẹ ibi tí ó wà níhòòhò, tí ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sì máa rọ̀ sísàlẹ̀. Omi yìí kì í jẹ sísàlẹ̀ nìkan. Ó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, ó ń wọ abẹ́ ọ̀dà bí aró ti ń yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ tí ó sán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò kọ́kọ́ yà á nípọn, kí omi lè jẹ ẹ́ dé ìwọ̀n. Omi tí a ti lò ní bàbà nínú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á sójú gọ́tà.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìtànṣán aró ń la ẹyinjú kọjá dé ẹ̀yìn ojú, níbi tí ìríran wà, kí ìpéǹpéjú tó rí àyè pa dé. Awò tí a ṣe fún ìgbì rẹ̀ gan-an ni a gbọ́dọ̀ wọ̀, kì í ṣe awò oòrùn lásán. Kí a má sì fi ike PVC sínú ẹ̀rọ láéláé: gáàsì hydrogen chloride ni ó ń tú jáde, èyí tí ń di ásíìdì bí ó bá ti pàdé ọ̀rinrin inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ó wá ku awọ. Kì í ṣe gbogbo awọ ni ó ń gba òǹtẹ̀. Awọ tí a fi kẹ́míkà kírómíọ̀mù ṣe, tí ó pọ̀ lára bàtà àti báàgì ọjà, máa ń fò padà bí rọ́bà. Èyí tí a fi omi èèpo àti èso igi ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Kano ti ń fi èso bagaruwa ṣe awọ ewúrẹ́, ni ó ń rántí ohun tí a bá tẹ̀ sí i. Okùn tín-tìn-tín tí ó lọ́ mọ́ra ni awọ; omi ń jẹ́ kí àwọn okùn náà yọ̀ lára ara wọn, bí omi bá sì gbẹ, wọn a tún di ara wọn mú níbi tí a bá wọn. Omi náà ní ìwọ̀n. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba ipasẹ̀, ilẹ̀ àkúrọ̀ a sì gbé e mì. Ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí lánàá ni ipasẹ̀ ń hàn lórí rẹ̀. Mo máa ń rẹ awọ lálẹ́, mo máa ń dì í sínú ọ̀rá. Láàárọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń padà sí ti gbígbẹ, ṣùgbọ́n tí ó ṣì tutù bí mo bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti tó tẹ̀ nìyẹn. Kí irin lásán má ṣe bà á nígbà náà, nítorí pé omi igi inú awọ àti irin kì í pàdé kí wọ́n má bí àbàwọ́n dúdú tí ó ṣòro láti ṣí.

Mo gbé awọ sórí pákó tí ó tẹ́jú, mo da òǹtẹ̀ dé e, mo gbé pákó kejì lé e, mo sì fi fáìsì tí àwọn mẹkáníìkì ń lò fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Obìnrin tí ó bá wọ bàtà onígìgísẹ̀ gogoro rìn lórí ilẹ̀ tútù mọ ìdí tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń rì ju èyí tí ó gbòòrò lọ: ìwúwo kan náà ni, ojú tí ó dúró lé ni ó kéré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tú u. Òǹtẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ díẹ̀, mo gbé e láti igun kan, ọmọ náà sì ti na ọrùn lé èjìká mi. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ka àwọn ìlà kéékèèké abẹ́ rẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.